Kí ni wọ́n fún yín ní beta blocker fún? Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká yanjú kí a tó da oògùn ọkàn nù

Ìyá náà kò tíì jókòó tó fi na fóònù rẹ̀ sí mi. "Dókítà, ẹ wá gbọ́ nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp." Apòògùn ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ṣómólú, àmọ́ dókítà ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ohùn ọkùnrin kan jáde nínú fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó ní àwọn òyìnbó ti jẹ́wọ́. Ó ní oògùn ọkàn tí wọ́n ti ń fún wa láti ogójì ọdún kò ṣiṣẹ́, pé ṣe ló tilẹ̀ ń pa obìnrin, kí ẹni tó bá ní in nílé yáa dà á nù. Ó wá ka orúkọ wọn sílẹ̀: bisoprolol, metoprolol, atenolol, carvedilol. Beta blocker la máa ń pe gbogbo wọn, oògùn tó ń dẹ eré ọkàn.

"Bisoprolol ni tèmi," ni ìyá náà wí.

"Mọ́mì, ọjọ́ wo lẹ lò ó gbẹ̀yìn?"

"Alẹ́ Sátidé. Ọjọ́ Àìkú ni ohùn yẹn wọlé."

Ọjọ́bọ̀ la wà. Mo fi ìka mẹ́ta lé e lọ́rùn ọwọ́, mo gbójú sókè sí aago ara ògiri. Ìlù 121 ni mo kà nínú ìṣẹ́jú kan. Kókósẹ̀ rẹ̀ ti wú débi pé okùn sálúbàtà rì sínú ẹran. Ó ní láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun ti ń fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé orí sókè kí òun tó lè sùn, torí pé bí òun bá sùn gbalaja, bí ẹni tí omi ń bò ló ń ṣe òun. N kò ta nǹkan kan fún un lọ́jọ́ náà. Mo pe ọmọ rẹ̀, a dá kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù.

Láti ìgbà náà, ó ju ẹni márùn-ún lọ tó ti béèrè irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́ mi. Méjì nínú wọn ti da oògùn wọn nù kí wọ́n tó béèrè.

Ohun tí wọ́n sọ ní Madrid

Ìròyìn náà kì í ṣe àròsọ pátápátá, ìdí sì nìyẹn tó fi tètè wọ àwọn èèyàn lára. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọkàn péjọ sí Madrid, ní ilẹ̀ Sípéènì, fún ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní REBOOT jáde. Àwọn aláìsàn tó tó 8,500 ní Sípéènì àti Ítálì ni wọ́n fi ṣe é. Gbogbo wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ háàtì àtáákì, ìyẹn ni pé iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra rẹ̀ dí lójijì. Wọ́n fún ìdajì wọn ní beta blocker, wọn kò fún ìdajì kejì, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún àkókò tó sún mọ́ ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó kú, iye àwọn tí àtáákì tún kọ lù, àti iye àwọn tí àárẹ̀ ọkàn dá padà sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, apá kan kò sàn ju èkejì lọ. Ìwádìí REDUCE-AMI, tí wọ́n ṣe ní Sweden, Estonia àti New Zealand, ti sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 2024.

Títí dé ibí yìí, ọkùnrin inú fóònù kò purọ́. Ohun tó fò dá ló ṣèkà.

Ọkàn tó dá ṣáṣá kì í ti gbogbo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde bó bá lù. Ó máa ń ti bí 55 sí 70 nínú 100 jáde, á sì fi ìyókù sílẹ̀. Ìdá yẹn ni àwọn dókítà ń pè ní ejection fraction, òun sì ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé bí wọ́n bá ya àwòrán ọkàn tí wọ́n ń pè ní echo. Àwọn tí tiwọn ju 40 lọ nìkan ni REBOOT gbà wọlé. Àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò fi wọ́n kún un rárá, torí pé kò sí dókítà kan tó fẹ́ fi oògùn náà dù wọ́n. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tí oògùn yìí ṣe pàtàkì fún jù lọ ni wọn kò dán an wò lára wọn nínú REBOOT, nítorí pé àǹfààní rẹ̀ fún wọn ti hàn tipẹ́.

Lọ́jọ́ kan náà, ní gbọ̀ngàn kan náà, àwọn oníwádìí láti Norway àti Denmark gbé tiwọn jáde. BETAMI-DANBLOCK ni wọ́n pè é, àwọn aláìsàn tó lé ní 5,500 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí àǹfààní díẹ̀: nǹkan bí 14 nínú 100 lára àwọn tó lo oògùn ló kú tàbí tí wàhálà ńlá bíi àtáákì tún kọ lù, ó sì jẹ́ bí 16 nínú 100 lára àwọn tí kò lò ó. Bí wọ́n ṣe pa àwọn ìwádìí náà pọ̀, ó jọ pé àwọn tí ọkàn wọn wà láàárín 40 sí 49 ṣì ń jàǹfààní; àwọn tó ti tó 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ti àwọn obìnrin tí ọkùnrin yẹn fi ń dẹ́rù bani, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú REBOOT, àwọn obìnrin tí wọ́n fún ní oògùn náà kò ṣe dáadáa tó àwọn obìnrin tí wọn kò fún, ó sì hàn jù lára àwọn tí ọkàn wọn ti bọ̀ sípò pátápátá lẹ́yìn àtáákì. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí obìnrin tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ gbé tọ dókítà rẹ̀ lọ ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin tó ń lò ó fún nǹkan mìíràn.

Kódà ẹni tí ìwádìí náà bá wí gan-an kò gbọdọ̀ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó sọ pé ó parí. Ní 2024, ìwádìí kan tó ń jẹ́ ABYSS ní ilẹ̀ Faransé wo àwọn tó ti ń lo beta blocker tipẹ́ lẹ́yìn àtáákì, tí ara wọn sì ti balẹ̀. Wọ́n ní kí apá kan dá a dúró. Bí 24 nínú 100 lára àwọn tó dá a dúró ló kú, tàbí tí àtáákì tàbí rọpárọsẹ̀ kọ lù, tàbí tí wọ́n tún padà sí ọsibítù nítorí ọkàn. Lára àwọn tó ń bá a lọ, 21 ni. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìdádúró náà kò léwu.

Ihò kọ́kọ́rọ́ lára ọkàn

Bí ọ̀kadà bá ya lù yín lójijì lẹ́bàá títì Ìkòròdú, àyà yín á já, ọkàn á máa lù kìkìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Iṣẹ́ adrenaline nìyẹn, omi kan tó ń jáde láti inú ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó lé kíndìnrín lórí. Ẹ fojú inú wo ọkàn bí ilẹ̀kùn tí ihò kọ́kọ́rọ́ wínníwínní kún ara rẹ̀. Adrenaline ni kọ́kọ́rọ́. Bó bá ti wọ ihò, ọkàn á ki eré mọ́lẹ̀. Ní 1948, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Raymond Ahlquist, kọ̀wé pé oríṣi ihò méjì ló wà, ó pe ọ̀kan ní alpha, ó pe èkejì ní beta. Ti beta ló pọ̀ lára ọkàn. Oògùn tó ń wọ inú ihò beta lọ jókòó, tí kọ́kọ́rọ́ kò fi ní ráyè wọlé, ni beta blocker.

Ọmọ Scotland kan, James Black, ló sọ ìmọ̀ yìí di oògùn. Ìkọlù ọkàn ló pa bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nígbà náà, ohun tí àwọn oníṣègùn ń wá ni bí wọn yóò ṣe mú kí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sí i dé ibi ọkàn tó ń ro ni. Black yí ìbéèrè náà padà: ṣé a kò lè dín iṣẹ́ ọkàn kù, kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ lè tó o? Àwọn aláàárù Òyìngbò mọ èyí láìkàwé. Bí ẹrù bá ti ju agbára lọ, ẹni tó bá sọ díẹ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ fún wọn ló ṣe wọ́n lóore. Propranolol, tó jáde ní 1964, ni ọmọ tí ìbéèrè yẹn bí. Ní 1988 wọ́n fún Black ní ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí ìyá oní-bisoprolol, torí pé ihò kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà ló fa wàhálà rẹ̀. Ara èèyàn kì í káwọ́ gbera. Bí oògùn bá dí àwọn ihò náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ òmíràn sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dá oògùn dúró lójijì, ihò tó ṣí sílẹ̀ á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, adrenaline tó wà lára á sì rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn á sáré kọjá bó ṣe ń sáré kó tó di pé ẹ mọ oògùn rí. Ìfúnpá á fò sókè. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀ lè ní àyà ríro tàbí kí àtáákì kọ lù ú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nínú ìwé tó ń bá ọ̀pọ̀ nínú irú oògùn yìí rìn ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ pé kí a má dá a dúró lójijì wà nínú àpótí onílà dúdú, ibi tí wọ́n máa ń kọ ewu tó ga jù sí. Bí dókítà bá fẹ́ dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa dín in kù, fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó kéré tán, yóò sì máa wo bí ara ṣe gbà á.

Ìdí nìyí tí ọgbọ́n ká máa ṣún oògùn lò tí owó oògùn tó wọ́n yìí ti kọ́ àwa ará Èkó fi ń bà mí nínú jẹ́. Láti ìgbà tí náírà ti já bọ́ ní 2023, mo ń rí àwọn àgbàlagbà tó ń lo ti òní, tí wọ́n á fo ti ọ̀la, kí sáṣẹ́ẹ̀tì kan lè pẹ́ tó méjì. Kò dára fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kankan, àmọ́ fún beta blocker ó burú jáì, torí pé ṣe ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n tún ń tì í, fún ọkàn tí kò lágbára eré. Bí owó kò bá tó, ẹ sọ ọ́ fún apòògùn tàbí dókítà yín láìtijú. Kì í ṣe gbogbo beta blocker ló wọ́n, dókítà sì lè yí yín padà sí èyí tápá yín ká, pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá a mu.

Oògùn tó di èèwọ̀, tó tún di ọ̀rẹ́

Ọkàn ìyá náà ń ti ìdá 28 péré jáde nínú 100. Mo rí i nínú ìwé echo tí ọmọ rẹ̀ fi hàn mí lẹ́yìn náà. Èyí ni wọ́n ń pè ní heart failure. Kò túmọ̀ sí pé ọkàn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ó ti rẹ̀ ẹ́, omi sì ń dá padà sínú ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ìwádìí THESUS-HF tó jáde ní 2012, tó wo ẹgbẹ̀rún aláìsàn àti díẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà náà wà níbẹ̀, rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa àìsàn yìí jù lọ lọ́dọ̀ wa. Àwọn òyìnbó, ọ̀rá tó dí iṣan ọkàn ló sábà máa ń fa tiwọn.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èèwọ̀ ni beta blocker fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ó sì jọ ọgbọ́n: ọkàn tó ti rẹ̀, kí ló dé tí a ó tún dín agbára rẹ̀ kù? Ní 1975, Finn Waagstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg, ní Sweden, kọ̀wé pé àwọn aláìsàn díẹ̀ tí àwọn fún lóògùn náà ń gbádùn. Ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Nígbà tó di 1999, èsì CIBIS-II jáde, bisoprolol gan-an ni wọ́n sì fi ṣe é. Lára àwọn tí wọ́n fún ní hóró tí kò ní oògùn nínú, bíi 17 nínú 100 ló kú. Lára àwọn tí wọ́n fún ní bisoprolol, bíi 12 ni. Wọ́n dá ìwádìí náà dúró ṣáájú àkókò, torí pé ẹ̀rí ti pọ̀ jù láti máa fi oògùn du àwọn tó kù. Metoprolol irú èyí tó ń pẹ́ lára àti carvedilol náà ṣe irú rẹ̀. Ohun tó ń pa ọkàn tó rẹ̀ ni pàṣán adrenaline tí ara ń nà án ní gbogbo ìgbà. Bí pàṣán bá dẹwọ́, ọkàn á sinmi, ó sì lè tún ara rẹ̀ mọ díẹ̀díẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: carvedilol mílígíráàmù 3.125, bisoprolol mílígíráàmù 1.25, wọ́n á sì máa lé e sókè ní bí ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ó lè kọ́kọ́ rẹ èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ ọ́ nù nìyẹn, kó tó di pé àǹfààní rẹ̀ dé.

Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé jù, torí pé ibẹ̀ ni àwa oníkẹ́míìsì ti jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣómólú àti Bárígà ló ń mu atenolol nìkan fún ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́wàá, kò sì sí dókítà kankan tó kọ ọ́ fún wọn. Aládùúgbò ló ní ó bá òun lára mu, ẹni tó wà nídìí káńtà sì tà á. BP wọn ṣì wà ní 160 lórí 100.

Kì í ṣe pé oògùn náà jẹ́ ayédèrú. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń wá lára ọ̀pọ̀ èèyàn dúdú ló yàtọ̀. Kíndìnrín máa ń tú ohun kan tó ń jẹ́ renin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀. Ọ̀kan lára ọ̀nà tí beta blocker gbà ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ni pé ó ń dín renin yìí kù. Àmọ́ lára ọ̀pọ̀ wa, renin ti kéré tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ àti omi tí ara ń dì mú ló ń ti ìfúnpá sókè. Bí oògùn bá dé ibi tó ti yẹ kó ṣiṣẹ́, kò bá nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé amlodipine, tó ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀, àti oògùn tó ń mú ni tọ̀, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún wa. Ní 2019, Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí CREOLE jáde. Àwọn aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi oògùn méjì méjì wé ara wọn, ó sì hàn pé èyí tí amlodipine bá wà nínú rẹ̀ ló mú BP wálẹ̀ jù. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn, torí pé nílé wa níbí ni wọ́n ti ṣe é, lára àwa fúnra wa.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, láti 2006 ni wọ́n ti yọ beta blocker kúrò lára oògùn tí wọ́n ń kọ́kọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ń ṣe, torí pé kò dáàbò boni lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ tó àwọn yòókù. Ìwé ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ti 2023 tún gbé e padà sáàárín oògùn márùn-ún tí dókítà lè mú, pàápàá bí nǹkan mìíràn bá wà tó ń béèrè fún un: àyà tó ń ro torí iṣan ọkàn tó há, ọkàn tó rẹ̀, ọkàn tó ń lù ségesège, tàbí ọkàn tó kàn ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Aláboyún tí ìfúnpá rẹ̀ ga lè gba labetalol, beta blocker lòun náà. Atenolol ni wọ́n máa ń sá fún nínú oyún, torí pé ó lè má jẹ́ kí ọmọ inú dàgbà tó bó ṣe yẹ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń mu atenolol nìkan, tí BP yín kò wálẹ̀, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ bi í pé kí ló fún yín ní i fún, àti bóyá ó yẹ kó fi òmíràn kún un tàbí kó yí i padà. Bó bá jẹ́ pé èmi tàbí ẹnìkan bíi tèmi ló tà á fún yín láìsí ìwé dókítà, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ náà fún un.

Ojú, èémí, ṣúgà

Ihò beta kò pin sí ara ọkàn. Ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tó ti máa ń jẹ́ kí ọ̀nà èémí là gbayawu. Bí oògùn bá dí i níbẹ̀, ẹni tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, lè bẹ̀rẹ̀ sí í mí fín-ín fín-ín. Propranolol ló burú jù fún wọn, torí pé kì í yan ihò, gbogbo rẹ̀ ló ń dí. Bisoprolol àti metoprolol máa ń yan ti ọkàn jù, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà bí èémí yín bá ti ń há rí.

Èyí tí kì í wá sí ẹnikẹ́ni lọ́kàn ni ti ojú. Glaucoma, àìsàn tó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, pọ̀ láàárín wa gan-an, timolol sì jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn tí wọ́n máa ń kán sójú fún un. Beta blocker ni timolol. Ó ń gba ojú wọ inú imú, láti ibẹ̀ ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Bàbá kan tó ń tẹ̀wé nítòsí wa wá ra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta nínú oṣù kan, tadáwà wà ní èékánná rẹ̀, èémí rẹ̀ ń hun. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó béèrè pé, "Bàbá, ṣé ẹ ń kán nǹkan sójú?" Ó bọ ọwọ́ sápò, ó yọ ìgò kékeré kan jáde. Dókítà ojú rẹ̀ yí i padà, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì là. Bí ẹ bá ń kó oògùn yín lọ fi han dókítà, ẹ kó ti ojú náà dání.

Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin fún ìtọ̀ ṣúgà, bí ṣúgà rẹ̀ bá já wálẹ̀, ọkàn tó ń lù kìkì àti ọwọ́ tó ń gbọ̀n ló máa ń ta á lólobó. Beta blocker lè bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Òógùn kò ní ṣàì bọ̀. Bí òógùn tútù bá ń bò yín láìnídìí, ẹ wọn ṣúgà yín.

Ẹ má sì ṣe fi verapamil tàbí diltiazem, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un láìjẹ́ pé dókítà ọkàn ló kọ méjèèjì pọ̀. Ìlù ọkàn lè lọ sílẹ̀ débi tí èèyàn á fi dákú. Bí ìlù yín bá ti wà lábẹ́ 50 nínú ìṣẹ́jú kan, tí òòyì sì ń kọ́ yín, ọsibítù ni.

Ohun tí àwọn ọkùnrin kì í sọ

Ọkùnrin tó bá dá beta blocker dúró kì í sábà sọ ìdí rẹ̀ níwájú ìyàwó. Ó máa ń dúró dìgbà tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, á wá rẹ ohùn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé oògùn náà lè dí nǹkan ọkùnrin lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní 2003, àwọn oníwádìí ní Ítálì fún ọkùnrin 96 ní atenolol; kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìṣòro náà tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ orúkọ oògùn fún àwọn 32 àkọ́kọ́. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún 32 mìíràn. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún 32 tó kù, wọ́n sì tún sọ fún wọn pé ó lè dí wọn lọ́wọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, ẹnìkan ló ṣàròyé. Nínú ìkejì, márùn-ún. Nínú ìkẹta, mẹ́wàá. Ìbẹ̀rù ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. N kò sọ èyí láti fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà fúnra wọn náà ń fa ìṣòro yẹn. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ sọ ọ́. Dókítà lè fún yín ní nebivolol, beta blocker mìíràn, tí ọ̀rọ̀ náà kì í sábà le lórí rẹ̀. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ dá oògùn ọkàn dúró ní kọ̀rọ̀, kí ẹ wá lọ ra oògùn agbára lẹ́bàá títì. Bí ẹ bá tún ń lo oògùn àyà ríro tó jẹ́ nitrate, àdàlù yẹn lè mú ẹ̀mí lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ pàápàá ń béèrè propranolol báyìí, kí àyà wọn má bàa já níwájú àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò níṣẹ́. Ó máa ń dá ọwọ́ gbígbọ̀n dúró lóòótọ́, dókítà sì lè kọ ọ́ fúnni. Àmọ́ bí ẹ bá ti wá sọ́dọ̀ mi láìsí ìwé, tí ẹ tún ń fa inhaler, n kò ní tà á.

Ẹ sì ṣọ́ ibi tí ẹ ti ń rà á. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa, pẹ̀lú ti Onítṣà àti Àbá, nítorí ayédèrú àti oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Hóró beta blocker tí kò ní oògùn nínú kò yàtọ̀ sí kéèyàn dá a dúró lójijì.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìyá náà tó tún yọjú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ó tú páálí mẹ́rin jáde láti inú lẹ́dà funfun sórí káńtà, bisoprolol wà nínú wọn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà láti ìwọ̀n kékeré. Ó ní kí n bá òun kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, ní Yorùbá, kó hàn gàdàgbà. Mo mú gègé aláwọ̀ búlúù. Lára furosemide mo kọ pé: "Ó ń fa omi jáde lára." Lára bisoprolol mo kọ pé: "Ti ọkàn tó rẹ̀ ni. Ẹ má dá a dúró láìbá dókítà sọ̀rọ̀." Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń fi ètè kà á.

"Ẹ kọ iye yẹn sí i," ló wí. "Èyí tó wà nínú ìwé echo."

Mo kọ 28 sí i.